Equiano, Ẹrú Tó Di Òmìnira Tó Sì Dé Òkun Yìnyín

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú ní Lougba, ẹ mọ bí ó ti ń rí. Ètè á gbẹ, ẹsẹ̀ á sán, àwọn àgbà á yí iná ká láti ìdájí títí oòrùn á fi gòkè. Síbẹ̀, bí òtútù náà ti wù kó pọ̀ tó, omi inú ìkòkò wa kì í dì. Ẹ óò ki igbá bọ̀ ọ́, ẹ óò bù ú mu.

Ibì kan wà láyé tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní apá àríwá pátápátá, òkun fúnra rẹ̀ a máa dì. A máa le bí àpáta. Ènìyàn á máa fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Àwọn erékùṣù wà níbẹ̀ tí igi ńlá kan kò hù sí. Erékùṣù ni ilẹ̀ tí omi yí ká. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oòrùn kì í wọ̀ fún oṣù mélòó kan. Nígbà òtútù wọn, kì í yọ rárá.

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín dé ibẹ̀ ní ọdún 1773. Aláwọ̀ dúdú ni. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀, ó fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà. Orúkọ rẹ̀ ni Olaudah Equiano. Ẹ pè é báyìí: O-la-u-da E-ku-i-a-no. Ẹ tún un pè lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè mọ́ yín lẹ́nu, nítorí a óò máa rí orúkọ náà títí dé òpin.

ỌMỌDÉ TÍ WỌ́N JÍ GBÉ

Equiano kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ilẹ̀ Ìgbò ni wọ́n bí òun sí, ní nǹkan bí ọdún 1745, ní ìlú kan tí ó pè ní Essaka. Ilẹ̀ Ìgbò wà ní Nàìjíríà òde òní. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìlú ni bàbá rẹ̀. Nígbà náà, bí àwọn òbí bá ti lọ sí oko, àwọn ọmọdé ló ń ṣọ́lé. Ọmọ kan á gun orí igi láti máa wò bóyá gbọ́mọgbọ́mọ ń bọ̀. Ní ọjọ́ kan, òun àti arábìnrin rẹ̀ nìkan ló wà nílé. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan fo ògiri wọlé. Wọ́n dí wọn lẹ́nu, wọ́n sì gbé wọn wọ inú igbó lọ. Ọmọ ọdún 11 ni Equiano.

Lọ́nà, wọ́n ya òun àti arábìnrin rẹ̀ nípá. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n tún ṣe kòńgẹ́ ara wọn. Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọn kò lè sọ̀rọ̀, ẹkún ni wọ́n ń sun. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi yà wọ́n. Equiano kò tún fojú kan arábìnrin rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin ará agbègbè Bantè àti Savalou, a kò gbọdọ̀ máa ṣàlàyé irú èyí fún yín bí ẹni ń ṣàlàyé nǹkan tuntun. Ẹ̀yin náà gbọ́ ìtàn ogun Dáhómì lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ gbọ́ nípa àwọn tó sá gun orí òkè, àti nípa àwọn tí wọ́n kó lọ sí etí òkun tí a kò gbúròó wọn mọ́. Equiano jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé òun kọ̀wé padà.

Kí a tó lọ síwájú, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì kan kọ nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní London ní ọdún 1759 sọ pé Carolina ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí. Ìwé orúkọ àwọn atukọ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e lọ sí àríwá sọ bákan náà. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn pé kò rí ilẹ̀ Áfíríkà rí, wọ́n ní ẹnu àwọn ẹrú mìíràn ló ti gbọ́ ìtàn Essaka. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà. Wọ́n ní ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ìwé méjèèjì, wọ́n sì ní ohun tó sọ nípa ilẹ̀ Ìgbò bá ilẹ̀ náà mu. Àríyànjiyàn yìí kò tíì parí. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ ni àwa tẹ̀ lé níhìn-ín.

ÌWÉ TÍ KÒ SỌ̀RỌ̀

Wọ́n kó Equiano wọ ọkọ̀ ẹrú. Wọ́n gbé e dé Barbados, wọ́n tún gbé e lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ni ọ̀gá kan nínú àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti rà á. Orúkọ rẹ̀ ni Michael Henry Pascal. Pascal sọ ọ́ ní Gustavus Vassa, orúkọ ọba kan tí ó ti jẹ rí ní ilẹ̀ Sweden. Ọmọ náà kọ̀, kò fẹ́ orúkọ náà. Wọ́n lù ú títí ó fi ń dáhùn. Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe: wọ́n gba òmìnira rẹ̀, wọ́n tún gba orúkọ rẹ̀, orúkọ ọba ni wọ́n sì fi rọ́pò fún ẹrú.

Ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí Falmouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Equiano gòkè sí ojú ọkọ̀, ó rí nǹkan funfun kan tó bo gbogbo ibẹ̀. Ó rò pé iyọ̀ ni wọ́n dà sílẹ̀ lóru. Ó sáré lọ sọ fún ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọkọ̀. Ọkùnrin náà ní kí ó bù díẹ̀ wá. Nígbà tí ó bù ú, ó jó o lọ́wọ́ nítorí òtútù. Wọ́n ní kí ó tọ́ ọ wò, ó tọ́ ọ, kò sì ní adùn iyọ̀. Òjò dídì ni. Bí òjò wa ti ń rọ̀ ní omi, bẹ́ẹ̀ ni tiwọn ń rọ̀ ní funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú nígbà tí òtútù bá mú. Báyìí ni ó ṣe kọ́kọ́ mọ òtútù. Kò mọ̀ pé eré ọmọdé ni ti Falmouth lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí òun ṣì máa rí.

Nǹkan kejì tó yà á lẹ́nu ni ìwé. Ó máa ń rí Pascal, àti ọmọdékùnrin kan tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀, Richard Baker, tí wọ́n di ìwé mú tí ẹnu wọn ń mì. Equiano rò pé ìwé ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí kò bá sí ẹnì kan nítòsí, yóò mú ìwé, yóò bá a sọ̀rọ̀, yóò sì gbé etí lé e kí ó lè gbọ́ èsì. Ìwé kò fọhùn. Inú rẹ̀ bàjẹ́ púpọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn fi èyí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì yìí kò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ bí ó ti ń rí kí ènìyàn mú ìwé dání, kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà má sì jáde.

Díẹ̀díẹ̀ ló kọ́ ọ. Richard Baker kọ́ ọ. Àwọn obìnrin méjì kan ní London, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, rán an lọ sí ilé ìwé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó padà sínú ọkọ̀ ogun, akọ̀wé ọ̀gá ọkọ̀ kọ́ ọ ní kíkọ àti ìṣirò. Atukọ̀ àgbà kan, Daniel Queen, kọ́ ọ láti ka Bíbélì. Láàárín ìbọn àti àgbá ogun ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀, nítorí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé ń jagun nígbà náà. Equiano wà níbi ìjà ojú omi kan ní Lagos ní ọdún 1759. Kì í ṣe Èkó o. Ìlú kan ní ilẹ̀ Pọtogí ló ń jẹ́ Lagos náà.

BÍ Ó ṢE RA ARA RẸ̀ PADÀ

Ó rò pé ọ̀gá òun yóò dá òun sílẹ̀ lẹ́yìn ogun. Pascal kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní òpin ọdún 1762, ó tà á lójijì fún ọ̀gá ọkọ̀ kan, ìyẹn sì gbé e lọ sí erékùṣù Montserrat. Ibẹ̀ ni oníṣòwò kan, Robert King, ti rà á. King rí i pé ó mọ ìwé, ó mọ ìṣirò, ó sì mọ iṣẹ́ ọkọ̀. Ó fi í sínú ọkọ̀ tí ń ná ọjà láti erékùṣù dé erékùṣù.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ fetí sí apá yìí. Gbogbo owó tí Equiano ní kò ju pẹ́nì mẹ́ta péré ti ìgbà náà. Ó fi ra ife dígí kan ní erékùṣù kan, ó tà á ní ìlọ́po méjì nígbà tí wọ́n padà dé Montserrat. Ó fi owó náà ra ife méjì. Ó tà wọ́n. Ó ra mẹ́rin. Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ. Nígbà mìíràn àwọn òyìnbó á já ọjà rẹ̀ gbà, kò sì sí adájọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ ẹrú. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n gba àpò ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo ohun tí ó ní láyé nígbà náà. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi dá díẹ̀ padà.

King ti ṣèlérí pé bí ó bá lè kó iye tí òun fi rà á jọ, òun yóò dá a sílẹ̀. Nígbà tí Equiano gbé owó náà wá, ẹ̀rù ba King. Kò rò pé ó lè tètè rí i. Ó fẹ́ yí ọ̀rọ̀ padà, ṣùgbọ́n ọ̀gá ọkọ̀ tí Equiano ń bá ṣiṣẹ́ rán an létí ìlérí rẹ̀. Ó gbà. Owó erékùṣù náà, pọ́n-ùn 70, ni wọ́n kọ sínú ìwé òmìnira rẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 1766 ni wọ́n kọ ọ́. Equiano lè kà á fúnra rẹ̀.

ÌRÌN ÀJÒ SÍ ÒKUN YÌNYÍN

Lẹ́yìn èyí, ó lọ gbé ní London. Ó kọ́ iṣẹ́ irun ṣíṣe. Ó bá dókítà kan ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ni Charles Irving. Irving ti wá ọ̀nà láti yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun kí ènìyàn lè mu ún. Ẹ mọ̀ pé omi òkun kò ṣeé mu. Bí omi inú àgbá bá tán, òùngbẹ lè pa àwọn atukọ̀ láàárín omi. Ọ̀nà tí Irving gbà kò ṣàjèjì sí yín. Bí wọ́n ṣe ń pọn sódábì náà ni. A óò se omi òkun, ooru rẹ̀ á gba inú ọ̀pá kọjá, ooru náà á tutù, á sì tún di omi. Iyọ̀ á kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Omi tó kán jáde kò ní iyọ̀ mọ́.

Ní ọdún 1773, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ méjì sí ìhà àríwá. Àwọn oníṣòwò ń fẹ́ ọ̀nà kúkúrú lọ sí Íńdíà. Láti Yúróòpù, ọkọ̀ ní láti yí gbogbo Áfíríkà po kó tó dé ibẹ̀, ó sì lè gbà tó oṣù mẹ́fà. Wọ́n rò pé bí ọkọ̀ bá lè gba orí ayé kọjá, ọ̀nà yóò kúrú. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nígbà náà tilẹ̀ gbà pé òkun tó jìnnà sí ilẹ̀ kò lè dì nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Inú yàrá tó móoru ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ kìíní ń jẹ́ Racehorse, Constantine Phipps ni ọ̀gá rẹ̀. Èkejì ń jẹ́ Carcass. Orúkọ irú ọta iná kan tí ọkọ̀ ogun ń yìn ni, ṣùgbọ́n ó tún túmọ̀ sí òkú ẹran. Ta ni yóò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀? Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan wà nínú Carcass, orúkọ rẹ̀ ni Horatio Nelson. Nígbà tí ó dàgbà, kò sí ọ̀gágun ojú omi tí òkìkí rẹ̀ kàn tó tirẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irving wà nínú Racehorse pẹ̀lú ìkòkò omi rẹ̀. Equiano bá a lọ.

Wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí gbogbo wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣègbé. Ẹ gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Equiano ti pinnu pé òun yóò máa kọ gbogbo ohun tí òun bá rí lójoojúmọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni yóò jókòó sí? Ọkọ̀ kún fọ́fọ́. Ibì kan ṣoṣo tí ó ní ni yàrá kékeré tí dókítà ń kó ẹrù sí. Ibẹ̀ ló ń sùn. Oògùn olóró tó lè jóni wà níbẹ̀, àti fọ́nrán okùn tí iná tètè ń ràn. Ní alẹ́ ọjọ́ 15, nítòsí àwọn erékùṣù Shetland, ó ń kọ̀wé lọ́wọ́. Ó yọ àbẹ́là kúrò nínú fìtílà. Iná ta sí fọ́nrán okùn kan. Lẹ́sẹ̀kan náà gbogbo yàrá gbiná. Iná wà lójú ọ̀nà, kò lè jáde. Èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ rántí pé ọkọ̀ ogun ni, ẹ̀tù ìbọn sì wà nínú rẹ̀. Bí iná bá dé ibẹ̀, ọkọ̀ yóò fọ́ túútúú pẹ̀lú gbogbo ènìyàn inú rẹ̀. Àwọn atukọ̀ sáré wá, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àti ibùsùn bo iná náà mọ́lẹ̀ títí ó fi kú. Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ ń jó.

Àwọn ọ̀gá bá a wí gidigidi. Wọ́n pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ gbé iná wọ yàrá náà mọ́ láé. Ẹ̀rù bà á, ó sì pa àṣẹ náà mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí ibòmíràn kọ̀wé. Nígbà tó yá, ó tún ń yọ́ gbé iná wọ ibẹ̀, tẹ̀rùtẹ̀rù ló sì ń kọ ọ́.

A kò ní yìn ín fún èyí. Ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn wà nínú ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí kò bá kọ ọ́, a kì bá tí mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí ní àríwá.

Ìkòkò omi Irving bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 20. Equiano ló ń tọ́jú rẹ̀. Ó ń rí gálọ́ọ̀nù 26 títí dé 40 lójúmọ́, ìyẹn bíi lítà 100 sí 150. Omi náà dára, kò sì ní iyọ̀.

Ní ọjọ́ 28, wọ́n dé ibi tí oòrùn kì í wọ̀. Wọn óò jẹun alẹ́, oòrùn wà lókè. Wọn óò sùn, wọn óò jí ní òru, ó ṣì wà lókè. Ìdí rẹ̀ nìyí: ayé ń yí bí òòyì, ṣùgbọ́n kò nàró ṣánṣán, ó dagun díẹ̀. Ní àárín ọdún, apá òkè rẹ̀ dagun sí oòrùn. Bó ti wù kó yí, apá náà kò ní fi ojú oòrùn sílẹ̀. Nígbà òtútù, ó yí ẹ̀yìn sí oòrùn, òkùnkùn á sì ṣú bo ibẹ̀.

Ilẹ̀ tí wọ́n dé ni àwọn erékùṣù tí à ń pè ní Svalbard lónìí. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ atukọ̀ rò pé ara Greenland ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ibẹ̀ ti jìnnà tó, ẹ wo àwòrán ayé lára ògiri kíláàsì. Wọ́n pín in sí ìlà láti àárín títí dé orí, láti 0 dé 90. Lougba wà ní nǹkan bí ìlà 8. Ọkọ̀ Equiano kọjá ìlà 80. Ó ku bíi kìlómítà 1,000 péré kí wọ́n dé orí ayé pátápátá.

Wọ́n rí àwọn ẹja àbùùbùtán. Wọ́n pa béárì funfun mẹ́sàn-án. Ẹranko ńlá ni béárì, irun rẹ̀ funfun, ó ń rìn lórí yìnyín, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí ènìyàn kò lè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹran omi mìíràn tún wà níbẹ̀, ó tóbi ju màlúù lọ, ó sì ní eyín gígùn méjì bí ti erin. Ní ọjọ́ kan, àwọn atukọ̀ Racehorse wà nínú ọkọ̀ kékeré, wọ́n yìnbọn lu ọ̀kan. Ẹran náà rì sísàlẹ̀, kò pẹ́, ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ náà ká, wọ́n fẹ́ dojú rẹ̀ dé. Àfi ìgbà tí ọkọ̀ kékeré mìíràn wá láti Carcass láti gbà wọ́n ni wọ́n tó lọ. Wọ́n já àjẹ̀ kan gbà lọ́wọ́ atukọ̀ kan kí wọ́n tó lọ.

Ní ìparí oṣù keje, wọ́n rí yìnyín tí kò lópin níwájú wọn. Ó tẹ́jú lọ títí tí ojú kò fi lè rí òdìkejì. Wọ́n so ọkọ̀ mọ́ ọ̀kan tí ó nípọn tó mítà méje ààbọ̀. Ẹ wò ó: ó ga ju ilé alájà kan lọ, omi òkun sì ni. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ, yìnyín pa dé mọ́ wọn. Kò sí ọ̀nà síwájú, kò sí ọ̀nà sẹ́yìn. Yìnyín ń fún ọkọ̀ méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń fún àgbàdo lọ́wọ́.

Wọ́n mú ayùn, wọ́n ń rẹ́ yìnyín kúrò lára ọkọ̀ kí ó má bàa fọ́. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá pàṣẹ kí wọ́n wọ́ àwọn ọkọ̀ kékeré jáde, kí wọ́n máa fà wọ́n lórí yìnyín lọ síbi tí omi wà, kí wọ́n sì fi àwọn ọkọ̀ ńlá sílẹ̀. Wọ́n so okùn mọ́ ara wọn bí ẹṣin. Wọ́n fà á fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Wọn kò rìn jìnnà. Níbi iṣẹ́ yìí ni Equiano ti já sínú omi láàárín yìnyín. Ó kù díẹ̀ kó rì. Àwọn tó wà nítòsí ló yọ ọ́.

Àwọn ọkùnrin tó ti rí ogun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rètí nù. Equiano náà ti gbà pé òun yóò kú síbẹ̀. Ó ń ronú lórí ayé rẹ̀, ó ń gbàdúrà, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí òun bá là á já, òun yóò wá ojú Ọlọ́run. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà fún ọjọ́ 11. Nígbà náà ni afẹ́fẹ́ yí padà. Ó fẹ́ láti ìhà ìlà oòrùn, yìnyín sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Gbogbo wọn padà sínú ọkọ̀, wọ́n ta ìgbòkun, wọ́n ń fi orí ọkọ̀ gbún yìnyín bí wọ́n ti ń lọ, títí wọ́n fi bọ́ sí gbangba omi.

Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gúnlẹ̀ sí London. Equiano kọ ọ́ pé kò sí ọ̀nà lọ sí Íńdíà níbẹ̀.

LẸ́YÌN ÀRÍWÁ

A óò sáré díẹ̀ níhìn-ín. Ní ọdún 1783, Equiano gbọ́ nípa ọkọ̀ ẹrú kan tí ń jẹ́ Zong. Ọ̀gá ọkọ̀ náà ti ju ẹrú tó ju 120 lọ sínú òkun láàyè kí wọ́n lè gba owó ìdójútòfò lórí wọn, bí ẹni tí ẹrù rẹ̀ ṣègbé. Equiano sáré lọ sọ fún Granville Sharp, òyìnbó kan tí ó ń jà fún àwọn ẹrú ní ilé ẹjọ́. Láti ìgbà náà, òun náà wọ ìjà náà tọkàntọkàn.

Ní ọdún 1789, ó tẹ ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde. Ó ju 300 ènìyàn lọ tó ti sanwó sílẹ̀ kí ìwé náà tó jáde. Kò ta ìwé náà fún ẹlòmíràn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló di í mú sí. Ó ń rìn láti ìlú dé ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ireland àti Scotland, ó ń tà á, ó sì ń sọ̀rọ̀ lòdì sí òwò ẹrú. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí ó tó kú. Gbogbo ohun tí a ti ń sọ nípa ife dígí, nípa iná inú ọkọ̀, nípa yìnyín àti béárì, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Lára ìwé náà, ó kọ orúkọ méjèèjì: Olaudah Equiano ló kọ́kọ́ kọ, kí ó tó kọ Gustavus Vassa.

Àwọn tó ń lọ sí Svalbard kò dẹ́kun. Orílẹ̀-èdè Nọ́wè ló ni ín báyìí. Àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá ń gbé àwọn olówó lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn láti wo yìnyín àti béárì láti ojú ọkọ̀, pẹ̀lú oúnjẹ gbígbóná lórí tábìlì. Yìnyín ibẹ̀ ń dín kù nítorí ayé ń móoru sí i. Ọmọ Tógò kan, aládùúgbò wa, Tété-Michel Kpomassie, dé Greenland ní ọdún 1965, ó gbé láàárín àwọn ará ibẹ̀, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Ìtàn tirẹ̀ yẹ fún ìwé mìíràn.

Equiano fẹ́ obìnrin òyìnbó kan, Susannah Cullen, ní ọdún 1792. Wọ́n bí ọmọbìnrin méjì, Anna Maria àti Joanna. Susannah kú ní ọdún 1796. Equiano fúnra rẹ̀ kú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1797. Kò rí ọdún 1807, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Anna Maria kú ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ó wá ku Joanna nìkan. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 21, ní ọdún 1816, wọ́n kó ogún bàbá rẹ̀ fún un. Ó jẹ́ pọ́n-ùn 950, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ owó tí ìwé yẹn mú wá.